Nígbà tí Ẹ̀dà bá ti Ilẹ̀kùn mọ́ Olóhun: Ọ̀rọ̀ lórí Ìyọ̀ǹda Fáìlì láàrin Ẹ̀rọ Ìpamọ́ Méjì

Ẹni tí ó bá gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí ó sì fi í sí ojú kan ṣoṣo, kò tíì pa á mọ́. Iná lè jó ẹ̀rọ náà, àrá lè bà á jẹ́, olè sì lè gbé e lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ fi ń ní ẹ̀rọ ìpamọ́ méjì tí nẹ́tíwọọ̀kì so pọ̀: ohun tí a bá fi sínú èkínní, a óò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú èkejì, kí àwọn méjèèjì lè máa bára dọ́gba. Ètò yìí dára. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí kì í hàn títí di ọjọ́ tí a bá nílò ẹ̀dà náà: a ń rí orúkọ àwọn fáìlì, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí. Nígbà mìíràn, díẹ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ni ó máa ń fa èyí lọ́pọ̀ ìgbà, òun ni a sì fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Ohun tí ìyọ̀ǹda jẹ́

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìpamọ́ wọ̀nyí ni ó ń lo ètò Linux, tí ó tẹ̀lé ìlànà Unix. Ken Thompson àti Dennis Ritchie ni ó bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Nínú ìlànà yìí, fáìlì kọ̀ọ̀kan ní olóhun kan àti ẹgbẹ́ kan. Gbogbo àwọn yòókù jẹ́ àlejò sí i. Ìyọ̀ǹda mẹ́ta ni a lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn: láti ka fáìlì, láti kọ nǹkan sí i, àti láti mú un ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ni a fi ń ṣe àmì wọn: 4 ni kíkà, 2 ni kíkọ, 1 sì ni mímú ṣiṣẹ́. Bí a bá rí 640 lára fáìlì kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olóhun lè kà á, ó sì lè kọ nǹkan sí i, nítorí pé 4 àti 2 jẹ́ 6. Ẹgbẹ́ lè kà á nìkan. Àlejò kò ní ìyọ̀ǹda kankan.

Ti àpò tí a ń kó fáìlì sí yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, 4 ń jẹ́ kí á rí orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. 2, bí 1 bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ń jẹ́ kí á fi nǹkan kún un tàbí kí á yọ nǹkan kúrò. 1 ni ó sì ń jẹ́ kí á wọlé. Ẹni tí ó ní 4 ṣùgbọ́n tí kò ní 1 dà bí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé: ó lè ka iye ilé tí ó wà níbẹ̀, kò lè wọ ọ̀kankan. Nítorí náà, bí fáìlì tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, bí àpò tí ó wà nínú rẹ̀ bá tì, fáìlì náà tì.

Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ mọ̀, kì í ṣe orúkọ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Orúkọ ni ẹ̀rọ ń fi han àwa ènìyàn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ó ń kọ sára fáìlì. Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Lórí ẹ̀rọ kìn-ín-ní, Ìyábọ̀ ni 1026, Àkànní sì ni 1027. Lórí ẹ̀rọ kejì, Àkànní ni a kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun ni ó sì gba 1026. Bí a bá kó fáìlì Ìyábọ̀ lọ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ bí ó ti wà, ọwọ́ Àkànní ni yóò bọ́ sí. Ẹ̀rọ kò purọ́. Nọ́ńbà kan náà ni ó rí. Bí kò bá sì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń jẹ́ 1026 níbẹ̀, fáìlì náà di aláìlólóhun. Bí àmì rẹ̀ bá jẹ́ 600, alábòójútó àgbà, tí ètò náà ń pè ní root, nìkan ni ó lè ṣí i.

Bí irinṣẹ́ ṣe ń kó ìyọ̀ǹda lọ

Ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí a ń lò jù fún iṣẹ́ yìí ni rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní ọdún 1996. Bí a bá fi àmì -a sí àṣẹ rẹ̀, ó máa ń gbìyànjú láti kó ìyọ̀ǹda, olóhun, ẹgbẹ́ àti àkókò fáìlì lọ pẹ̀lú fáìlì. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí á mọ̀ nípa rẹ̀.

Èkínní, bí kì í bá ṣe root ni ó ń gba fáìlì ní ẹ̀rọ kejì, gbogbo fáìlì yóò di ti ẹni tí ó gbà á. Fáìlì 600 tí ó jẹ́ ti Ìyábọ̀ yóò wá ṣí fún ẹni yẹn, kò ní ṣí fún Ìyábọ̀ mọ́.

Èkejì, bí root bá ń gbà á, rsync yóò kọ́kọ́ wá orúkọ kan náà ní ẹ̀rọ kejì. Bí kò bá rí i, nọ́ńbà ni yóò lò. Bí a bá fi --numeric-ids kún àṣẹ náà, nọ́ńbà nìkan ni yóò máa tẹ̀lé.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìpamọ́ ní àkójọ ìyọ̀ǹda tí ó gùn ju àmì mẹ́ta lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ACL. Àmì -a nìkan kì í kó o lọ. Bí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ méjèèjì kò bá sì jẹ́ ẹnì kan náà, àkójọ ti èkínní lè má nítumọ̀ lójú èkejì.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí rsync ń ṣiṣẹ́ lórúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ka gbogbo ohun tí ó fẹ́ kó. Èyí tí kò bá lè kà, yóò fò ó, yóò kọ «Permission denied» sílẹ̀, yóò kó ìyókù lọ, yóò sì fi nọ́ńbà 23 parí iṣẹ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé apá kan kò lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ka ìròyìn yìí, gbogbo ènìyàn yóò rò pé iṣẹ́ ti parí. Èyí ni ó burú jù, nítorí pé fáìlì tí ó tì ṣì wà, root sì lè ṣí i, ṣùgbọ́n èyí tí kò lọ rárá yóò parun pẹ̀lú ẹ̀rọ kìn-ín-ní.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣe

Àwọn kan a máa fi 777 sára ohun gbogbo kí wàhálà lè tán. Ìyẹn dà bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, tí ó wá yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ dànù: ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ibẹ̀ lè pa ohùn tí a kò lè tún gbà mọ́ rẹ́.

Ọ̀nà tí ó dára ni pé kí a fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan náà àti nọ́ńbà kan náà lórí ẹ̀rọ méjèèjì, kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohunkóhun. Kí á dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń lo àkójọ náà, kí ẹgbẹ́ yìí ní nọ́ńbà kan náà níbi méjèèjì, kí á sì fi ìyọ̀ǹda fún ẹgbẹ́ dípò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí á fi àmì -n dán àṣẹ rsync wò ná, nítorí pé yóò sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe láì tíì ṣe é. Lẹ́yìn ìkókó kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ka ìròyìn iṣẹ́ náà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí á yan ọjọ́ kan lóṣooṣù tí òṣìṣẹ́ lásán, tí kì í ṣe root, yóò wọ ẹ̀rọ kejì, tí yóò mú fáìlì díẹ̀ láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì gbọ́ ohùn inú wọn dé òpin. Alábòójútó àgbà kò lè ṣe ìdánwò yìí, nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn tí ó tì mọ́ ọn níbẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí a gba ohùn wọn ti lọ, a kò sì lè padà lọ bá wọn láti ní kí wọ́n tún un sọ.