Ìbéèrè Ọmọ Kì Í Ṣe Ariwo: Ohun Tí Sáyẹ́ǹsì Sọ Nípa Kíkọ́ Ọmọ Nílé

"Kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀ lé mọ́tò wa?" "Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láyé?" "Kí ló ń mú àkàrà wú nínú epo?" Tí ẹ bá ní àbúrò kékeré nílé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìbéèrè wọn kì í tán. Èsì tó sì máa ń yá wa lẹ́nu jù ni, "Jókòó jẹ́ẹ́ jàre, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù."

Àwọn òbí kan wà tí wọn ò fara mọ́ èsì yẹn. Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wọn níwèé, wọ́n sì ń jẹ́ kí ìbéèrè ọmọ fúnra rẹ̀ máa darí ẹ̀kọ́. Tó bá jẹ́ kòkòrò ló ń wu ọmọ lọ́sẹ̀ yìí, ìwé kòkòrò ni wọ́n máa kà, kòkòrò ni wọ́n máa kọ̀wé nípa ẹ̀, kòkòrò náà ni wọ́n máa kà láti fi ṣe ìṣirò. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àkẹ́jù nìyẹn. Ṣé ọmọdé ló yẹ kó máa sọ ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwádìí fi hàn.

Ọpọlọ tó ń retí ìdáhùn

Lọ́dún 2014, Matthias Gruber, Bernard Gelman àti Charan Ranganath ní University of California, Davis, bi àwọn àgbàlagbà kan ní oríṣiríṣi ìbéèrè. Wọ́n ní kí wọ́n sọ bó ṣe ń wù wọ́n tó láti mọ ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò sọ ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán ojú ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń dúró. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn tó dé.

Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ìdáhùn tó ń wù wọ́n láti mọ̀ ni wọ́n rántí jù. Ìyẹn ò yani lẹ́nu. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: ojú tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń retí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, wọ́n tún rántí ẹ̀ ju àwọn ojú yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ojú yẹn ò kan ìbéèrè náà rárá.

Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ọpọlọ jẹ́ ká rí ìdí ẹ̀. Nígbà tó bá ń wù wá gan-an láti mọ nǹkan, apá ọpọlọ tó ń lo dopamine máa ń ta jí, bó ṣe máa ń ṣe tí a bá ń retí ohun tó dùn mọ́ wa. Òun àti hippocampus, tó máa ń bá wa tọ́jú ohun tuntun sínú ìrántí, á wá jọ máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ọmọ tó ń béèrè ti ṣílẹ̀kùn ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun mìíràn tó bá wà nítòsí náà lè bá a wọlé.

Àwọn baba ńlá wa ò ní ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tó ń pa á kì í sáré sọ ìdáhùn. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ronú, kí wọ́n gbìyànjú, kí wọ́n kùnà, kó tó já a fún wọn.

Tí àlàyé bá yá jù

Lọ́dún 2011, Elizabeth Bonawitz, Laura Schulz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ohun ìṣeré kan fún àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Ohun ìṣeré náà ní àrà mẹ́rin: apá kan ń han tí wọ́n bá fà á, apá kan ń tan iná, apá kan ń kọrin, dígí sì fara pa mọ́ sí apá kan. Olùwádìí sọ fún àwọn ọmọ kan pé òun fẹ́ kọ́ wọn bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó fà á, ó han. Fún àwọn mìíràn, ó ṣe bí ẹni pé òun ṣèèṣì fà á ni.

Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ń fa ibi kan náà ṣáá. Àwọn tí wọn ò kọ́ ní nǹkan tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wọ́n sì rí àwọn àrà tó kù ju àwọn àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ọmọ rò ni pé, tí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀, àgbà ì bá ti fi han òun.

Erik àti bàbá ẹ̀

Wọ́n bí Erik Demaine ní ìlú Halifax, ní Kánádà, lọ́dún 1981. Martin bàbá ẹ̀, tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, ló ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Géèmù orí ẹ̀rọ ló gba ọkàn Erik. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyẹn ló gbé e dé ìdí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní kó mú ìṣirò wá, ó bá kọjú sí ìṣirò. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó wọ Dalhousie University. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní ọmọ ogún ọdún.

Ẹ mọ ohun tó tún gbajúmọ̀ fún? Bébà kíká! Òun, bàbá ẹ̀ àti Anna Lubiw fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1998 pé àwòrán yòówù tí ìlà tó tọ́ bá yí ká, ì báà jẹ́ ìràwọ̀ tàbí ẹyẹ, èèyàn lè ká bébà débi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa fi sísọ́ọ̀sì gé e tààrà, àwòrán náà á sì jáde.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa di Erik o. Bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra ni kẹ́ ẹ wò: géèmù ló ṣáájú, ìṣirò dé nígbà tí ọmọ ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ìbéèrè nìkan ò tó

Ká sòótọ́, fífi ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣe tinú ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Lọ́dún 2011, Louis Alfieri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 164 jọ. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n dá fi sílẹ̀ láti wá ìmọ̀ rí kì í ṣe dáadáa tó àwọn tí wọ́n là á yé. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ń wá a, tí àgbà sì ń tọ́ ọ sọ́nà, àbájáde rẹ̀ máa ń dára ju àwọn ọ̀nà mìíràn lọ.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009 láti Caltech tún fi kún un pé ìgbà tí a bá mọ díẹ̀ tí kò sì dá wa lójú ni ó ń wù wá jù láti mọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ kan ò tiẹ̀ mọ ohun tó máa béèrè. Torí náà, ẹ ṣì máa kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò ìpìlẹ̀, ì báà wù ú, ì báà má wù ú.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùpá ṣe é

Ọmọ ní òṣùpá ń tẹ̀ lé mọ́tò. Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ ní kó na àtàǹpàkò síwájú imú rẹ̀, kó di ojú kan, kó ṣí i, kó di ìkejì. Àtàǹpàkò á máa fò síbí sọ́hùn-ún. Kó wá na ọwọ́ jìnnà: fífò náà á dín kù. Ẹ bi í pé, tí àtàǹpàkò bá wá jìnnà tó òṣùpá ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún yín pé kò ní jọ pé ó ń kúrò lójú kan. Igi ẹ̀gbẹ́ títì ń sáré kọjá lójú wa torí pé ó sún mọ́ wa. Òṣùpá ò kúrò níwájú fèrèsé, ló fi jọ pé ó ń bá wa lọ.

Ìṣirò ló kàn. Òṣùpá fi nǹkan bí 384,000 kìlómítà jìnnà sí wa. Tí mọ́tò bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan láìdúró, ọjọ́ mélòó ló máa gbà? Ọjọ́ 160! Kó wá máa yàwòrán òṣùpá lálaalẹ́. Láti ìgbà tí òṣùpá bá lé dé ìgbà tí òmíràn máa lé, ọjọ́ 29 tàbí 30 ló máa kà. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ bi í pé kí ló dé tí Yorùbá fi ń pe òṣùpá ní oṣù, tí wọ́n tún ń pe January ní oṣù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ti di físíìsì, ìṣirò, àwòrán àti èdè.

Fún ẹ̀yin òbí lọ́la: òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, kó sì parí wọn, torí náà ẹ má fi kíkọ́ ọmọ nílé sá fún ìwé. WAEC náà ní ìdánwò fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ò nílò láti yọ ọmọ kankan kúrò nílé-ìwé kẹ́ ẹ tó lo ọgbọ́n yìí. Tí àbúrò yín bá béèrè nǹkan lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ni ìwọ rò?" Kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ.