Nígbà Tí Kòrónà Dá Ìbẹ̀wò Dúró

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fòfin de ìrìn alẹ́, láti aago méje alẹ́ di mẹ́fà òwúrọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde pé òun náà ti kó àrùn Kòrónà. Síbẹ̀, Ìbàdàn, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, kò tì pa bíi ti Èkó. Ọkọ̀ ṣì ń ná àdúgbò Challenge, olóúnjẹ ṣì ń tajà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé àrùn náà kò ba àjọṣe wa jẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìfura ló bà á jẹ́, kì í ṣe ọjà títì. Nígbà náà, kí ẹnìkan wúkọ́ nínú takisí Micra láti Bódìjà sí Agbowó, kíá ni wọn yóò yí gíláàsì wálẹ̀, tí wọn yóò sún sẹ́yìn.

Ọ̀fọ̀ ló wá burú jù. Nígbà tí gómìnà àná, Abíọ́lá Ajímọ̀bi, kú lóṣù Kẹfà, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n gbà láàyè níbi ìsìnkú rẹ̀. Mélòó mélòó wá ni mẹ̀kúnnù! Fóònù ńkọ́? Ó gbé ohùn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè jókòó ti opó títí yóò fi jẹun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2022 pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi ìdá 25 nínú 100 pọ̀ sí i lágbàáyé lọ́dún àkọ́kọ́ àrùn náà, wọ́n sì ka àìrẹ́nibárìn mọ́ ohun pàtàkì tó fà á.

Ẹni tí ẹ kò lè lọ kí nígbà náà, ẹ ṣì lè yà kí i.