Ògiri Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tí Ńnípọn Láìdunni

Àwọn àgbà a máa wí pé kòkòrò tí ńjẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ọ̀rọ̀ yìí ni a rántí nígbà tí a ńwádìí àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí ńba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ kò ti òde wá. Inú ara ni ó ti ńjáde.

Ní ọdún 1898, ní ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, Robert Tigerstedt àti Per Bergman fa oje kan yọ láti inú kíndìnrín ehoro, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀jẹ̀ ehoro mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ ehoro náà sì ru sókè. Wọ́n pe ohun náà ní renin.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tàbí iyọ̀ bá dínkù nínú ara, kíndìnrín a tú renin jáde. Iṣẹ́ renin ni ó sì ńyọrí sí oje mìíràn, angiotensin. Èyí ni ó ńpàṣẹ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, kí kíndìnrín sì di iyọ̀ àti omi mú. Olùrànlọ́wọ́ ni fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ńdà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ náà kò bá dáwọ́ dúró, a di ìyọnu. Ẹran inú ògiri iṣan a máa nípọn, àpá a sì máa gbilẹ̀ nínú rẹ̀, bí ilé tí a ńrẹ́ ògiri rẹ̀ láti inú lọ́dọọdún títí yàrá fi há. Bí ọ̀nà ti há, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ńru sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kíyèsí èyí. Ní ọdún 2000, E. L. Schiffrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal ròyìn ìwádìí kan. Wọ́n fún apá kan àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní losartan, tí ńdí angiotensin lọ́wọ́. Wọ́n fún apá kejì ní atenolol. Ẹ̀jẹ̀ apá méjèèjì wálẹ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, ògiri iṣan kékeré àwọn tí ńlo losartan ti ńpadà bọ̀ sípò. Ti àwọn ìyókù kò yípadà.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn rẹ̀ nù nítorí pé orí kò fọ́ ọ mọ́. Kí a má sì ṣe yá oògùn aládùúgbò lò. Losartan, fún àpẹẹrẹ, léwu fún ọmọ inú oyún. Oníṣègùn ni kí ó yàn án. Ògiri tí a fi ọdún púpọ̀ rẹ́, a kì í fi ọjọ́ kan họ ọ́.