Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ Ọ́ Jáde Ná

Àmì ohùn ló kọ́kọ́ máa ń ba ọmọ lẹ́rù bí a bá ní kó kọ ewì. Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, níbi tí oríṣiríṣi èdè ti pàdé, mo ti rí ọmọ tó gbà pé Yorùbá ẹnu òun kò yẹ lórí ìwé.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀nà tí Peter Elbow ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Writing Without Teachers, lọ́dún 1973: kí èèyàn kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 10 láìdúró, láìpa ohunkóhun rẹ́. Fún ọmọdé, ìṣẹ́jú 5 ti tó. Ẹ fún un ní ohun tó mọ̀, bí ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, kó tún èyí tó kọ kẹ́yìn kọ títí òmíràn yóò fi dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, kó kà á sókè, kó sì fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn 3 tó dùn mọ́ ọn létí. Inú wọn ni ewì wà. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó mú àmì ohùn wá: òun fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọkọ̀ rẹ̀ sí ọkọ́.