Ṣé o mọ̀? Òfin kan ṣoṣo lè sọ Benin àti Tógò di orílẹ̀-èdè kan náà

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè fa ohun tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ sínú rẹ̀ yọ? Sọ fún un pé Manigri wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Bassila, pé Bassila wà ní ẹkùn Donga, pé Donga sì wà ní Benin. Fi òfin kan kún un: bí ibì kan bá wà nínú èkejì, tí èkejì wà nínú ẹ̀kẹta, àkọ́kọ́ náà wà nínú ẹ̀kẹta. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rí i pé Manigri wà ní Benin.

Datalog jẹ́ èdè irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 2009, àjọ W3C gbé OWL 2 RL jáde, ẹ̀yà OWL (èdè tí a fi ń ṣàpèjúwe ìmọ̀ fún kọ̀ǹpútà) tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín kù kí òfin báyìí lè yára ṣiṣẹ́ lórí àkójọ ìmọ̀ tó tóbi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ òfin gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀. Mo gbà pé ọmọ Manigri ló yẹ kó jókòó tì í. Ìdí nìyí: àmì kan ṣoṣo, xkb, ni ISO 639-3, ìlànà àmì fún àwọn èdè àgbáyé, fún èdè Nàgó tí wọ́n ń sọ ní Manigri àti ní Kambolé, ní Tógò. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé èdè kan kò lè ní ju orílẹ̀-èdè kan lọ, OWL 2 RL kò ní pè é ní àṣìṣe. Yóò kàn gbà pé Benin àti Tógò jẹ́ ọ̀kan náà ni! Àfi bí a bá ti sọ fún un pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ló máa tó kéde pé ọ̀rọ̀ ta kora.