Ajá tó máa pa ẹran lóko, tí kò ní gé ọmọ jẹ nílé: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó mú un

Ẹ̀yin àgbà wa kò ní gbàgbé àlọ́ ọdẹ tó ní ajá mẹ́ta, tí ewu ká mọ́ orí igi nínú igbó. Orúkọ àwọn ajá rẹ̀ ló fi pè wọ́n láti ọ̀nà jíjìn, ni wọ́n bá sáré wá gbà á. Àlọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ajá tó ń gbọ́ ìpè ló wúlò fún ọdẹ. Lóde òní, ta ló lágbára àtibọ́ ajá mẹ́ta? Ẹyọ kan náà la fẹ́ kó lé ọ̀yà jáde lóko, kó ṣọ́ ilé lóru, kí ọmọ ọdún mẹ́ta sì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìséwu.

Ní Ọ̀fà, ìlú Olálọmí, níbi tí oko ànàmọ́ àti àgbàdo pọ̀ sí, ọ̀yà àti òkété kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ sinmi. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ bàbá fi ń wá ajá. Ṣùgbọ́n ajá tí ẹ bá yàn lónìí, ó lè bá yín gbé fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ìkánjú mú un.

Ti òkèèrè ni àbí ti ìbílẹ̀?

Àwọn ará Jámánì ní ajá kan tí wọ́n ń pè ní German Shorthaired Pointer. Ó ń wá ẹyẹ, ó ń tọ òórùn ẹran, ó sì ń wọ omi lọ gbé ohun tí ọdẹ yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n dandan ni kó sáré dáadáa lójoojúmọ́. Bí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀, yóò máa gbó ṣáá, yóò sì máa ba nǹkan jẹ́. Àwọn ajá onírun púpọ̀ ńkọ́? Oòrùn wa máa ń dà wọ́n láàmú.

Ajá ìbílẹ̀ tiwa nírun kúkúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, ooru kò sì jọ ọ́ lójú. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Àwọn òyìnbó kó irú ajá ọdẹ bẹ́ẹ̀ láti Congo lọ sí England ní nǹkan bí ọdún 1937, Basenji ni wọ́n ń pè é, owó gidi ni wọ́n sì ń fi rà á títí dòní. Ọdẹ Congo máa ń so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ tiwa ṣe ń ṣe. Ní tiwa o, ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n tọ́ dáadáa ló bá ọ̀pọ̀ ilé mu jù.

Ẹ wo ìyá kí ẹ tó wo ọmọ

Ilé ọdẹ tó ní ọmọ kéékèèké ni kí ẹ lọ. Bí ìyá ajá bá ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé sún mọ́ ọn, ó dára. Bí wọ́n bá ní láti so ó kí àlejò tó wọlé, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ.

Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kéré sí ọ̀sẹ̀ 8. Bó ṣe ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ló ti ń mọ̀ pé kò yẹ kí òun fi gbogbo agbára deyín mọ́ ara ẹni. Ẹ ju abọ́ agolo sílẹ̀: èyí tó ta gìrì, tó sì padà wá gbóòórùn rẹ̀, òun ni kí ẹ mú. Èyí tó sá pamọ́ tí kò jáde mọ́, ìró ìbọn yóò lé e wálé. Èyí tó ń gé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ju àkísà: èyí tó bá gbé e padà wá, ẹ ó lè kọ́ ọ láti gbé ẹran wá. Ẹ tún wo ojú, imú àti ikùn rẹ̀. Ikùn tó wú gbandi lè jẹ́ aràn.

Nínú ilé

Ilé Mùsùlùmí pọ̀ l'Ọ̀fà, àwọn kan sì máa ń bèèrè bóyá ó tọ́. Súrà 5, ẹsẹ̀ 4, fàyè gba ẹran tí ajá ọdẹ tí a kọ́ bá mú fún wa, pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run. Ẹ kọ́ ilé rẹ̀ síta, kí abọ́ rẹ̀ dá yàtọ̀. Ìmọ́tótó ni èyí fún gbogbo ilé, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má da ajá láàmú bó bá ń jẹun, bó bá sùn, tàbí bó bá ń tọ́jú ọmọ. Ẹ má fi ọmọ kékeré àti ajá nìkan sílẹ̀, bó ti wù kí ajá náà jẹ́jẹ́ tó. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá àgbà, ajá tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ló dára fún yín. Ọ̀dọ́ ajá lè fa okùn kó sì gbé yín ṣubú.

Dìgbòlugi kò mọ ajá ilé

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Ajá ọdẹ sì ń bá ẹran igbó àti ajá kiri pàdé. Nítorí náà, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un bó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gbà gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹranko bá ṣe kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀. Ẹ wo káàdì ìyá rẹ̀ náà kí ẹ tó sanwó.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ìbáà jẹ́ ajá ilé, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi àgbo tàbí epo dípò abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sọ fún òbí pé ajá gé àwọn jẹ, nítorí ìbẹ̀rù ẹgba. Ẹ sọ fún tiyín lónìí pé bí ajá bá fi eyín kàn wọ́n, kí wọ́n sáré wá sọ, ẹ kò ní nà wọ́n.