Olú Ṣáínà Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Olú Lọ́ńdọ̀nù

Ìdí kùkùté tàbí ara igi tó ti ń kú lọ ni olú tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní lingzhi máa ń hù sí. Igi yẹn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ó sì ń dán bí àga tí kápẹ́ńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní fáníìṣì. Ó le, ó sì korò, nítorí náà kì í ṣe olú à-fi-sebẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n ń sè é mu bí àgbo. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ṣáínà ti ń gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára igi àti òkúta, nítorí àmì ẹ̀mí gígùn ni lójú wọn. Síbẹ̀, olú tó gbajúmọ̀ tó báyìí fi ohun tó lé ní 100 ọdún jẹ́ orúkọ olú mìíràn nínú ìwé àwọn onímọ̀.

Ní 1781, William Curtis, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa olú dídán kan tí wọ́n rí ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pè é ní Boletus lucidus, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìwé rẹ̀, Flora Londinensis. Ní 1881, Petter Karsten, ọmọ Finland, dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún un, ó sì di Ganoderma lucidum. Nígbà tó di 1907, Narcisse Patouillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi orúkọ yìí kan náà pe olú Ṣáínà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dàrú. Olú yòówù tó bá ti ń dán lára igi, ilẹ̀ yòówù kó wà, lucidum ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀.

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí olú ara igi a máa tan ojú jẹ. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kò bá ti tó, lingzhi kì í tẹ́ bí ó ti yẹ kó tẹ́. Ńṣe ni yóò máa yọ ẹ̀ka ṣóṣóró sókè. Igi kan náà lè ru èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ àti èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹsẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi ìrísí nìkan ya ẹ̀yà sọ́tọ̀ yóò fún ọmọ ìyá kan ní orúkọ mẹ́ta, yóò sì pe àjèjì méjì ní ìbejì.

Igi tó hù sí ni onímọ̀ kọ́kọ́ ń wò. Bí igi náà bá funfun, tó sì rọ̀ bọ̀kọ̀bọ̀kọ̀, olú yẹn ti jẹ lignin, èròjà tó ń mú igi le. Bí ó bá pupa rúsúrúsú, tó sì sán wẹ́wẹ́ ní igun mẹ́rin mẹ́rin, olú tó fi lignin sílẹ̀ ni. Ìdílé Ganoderma wà nínú àwọn ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, wọn yóò dojú olú dé, wọn yóò sì ka iye ihò tó wà nínú mìlímítà kan. Wọn yóò wá fi abẹ gé pẹlẹbẹ tíntín lára rẹ̀, wọn yóò kán potassium hydroxide tàbí omi áyódínì sí i, wọn yóò sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Níbẹ̀ ni fọ́nrán tó para pọ̀ di olú yóò ti hàn: èyí tó ń bí àwọn yòókù, èyí tó nípọn bí egungun, àti èyí tó ń so wọ́n pọ̀. E.J.H. Corner, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ àwọn onímọ̀ bí a ti ń ka fọ́nrán wọ̀nyí ní 1932. Hóró ìbí Ganoderma ní tirẹ̀ ní ògiri méjì, òpó kéékèèké dúró láàárín ògiri méjèèjì, orí hóró náà sì dà bí ohun tí a bẹ́. Èyí ló wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni Dai Yu-Cheng, onímọ̀ olú ọmọ Ṣáínà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà. Abẹ́ olú Lọ́ńdọ̀nù funfun. Ti Ṣáínà yẹ́lò nígbà tó bá tutù, ìlà dúdú wà nínú ẹran rẹ̀, ògiri àárín ihò rẹ̀ sì nípọn. DNA pẹ̀lú jẹ́rìí pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 2012 wọ́n sọ ti Ṣáínà ní Ganoderma lingzhi.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ Ṣáínà mìíràn ní olú yìí ti ní orúkọ láti 1983: Ganoderma sichuanense. Òfin sì ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló ń borí. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ló so mọ́ ẹyọ olú gbígbẹ kan tí wọ́n tọ́jú, orí ẹyọ yẹn sì ni àríyànjiyàn wà: ṣé lingzhi ni àbí òun kọ́? Ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí nígbà tí wọ́n yẹ àwọn oògùn tí wọ́n kọ lucidum sí lára wò ní Amẹ́ríkà ní 2018, lucidum tòótọ́ kò sí nínú ìkankan. Lingzhi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn olú dídán tó ń hù lára ọ̀pẹ àti igi wa náà ń fẹ́ àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀kan, kó kọ orúkọ igi náà, ibẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kó sì kọ àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó sá a, nítorí àwọ̀ yẹn kì í pẹ́ ṣí.